Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó kọ ọ́: bí NGO kékeré ṣe lè kọ proposal tí wọ́n á fowó sí

Proposal àkọ́kọ́ tá a kọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ojú ìwé mẹ́rìnlá ni. Gbogbo gírámà tá a mọ̀ la kó síbẹ̀, a kọ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, a kọ nípa Nàìjíríà, a ṣàlàyé pé ìwé kíkà ni ìpìlẹ̀ ayé ọmọ, a tún lẹ fọ́tò ọmọ kan tó ń sunkún mọ́ iwájú ẹ̀ torí a rò pé àánú ló ń mówó jáde. Àwọn tá a kọ ọ́ sí pè wá sórí Zoom, inú wa ń dùn, a ti ń pín owó náà lọ́kàn, ni màmá kan tó wà lórí ìpè yẹn bá bi wá ní ìbéèrè kan péré: nínú school mẹ́rin tẹ́ ẹ dárúkọ yìí, ọmọ Primary 4 mélòó ni ò lè ka ìpínrọ̀ kan? Àwa mẹ́ta ń wojú ara wa. Mo ní "wọ́n pọ̀ gan-an ni mà." Ó ní òun gbọ́, mélòó ni? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, a ò rí kọ́bọ̀ gbà.

Mi ò bínú sí màmá yẹn o. Ẹ fi ara yín sípò ẹ̀ wò: ìlú òkèèrè ló jókòó sí, kò mọ Tákíé, kò mọ Sábó, kò gbọ́ orúkọ Ajáàwà rí láyé ẹ̀, ìwé sì kún tábìlì ẹ̀, gbogbo wọn ló ń sọ pé ìyà ń jẹ ọmọ. Kí ló máa fi mọ tiwa yàtọ̀? Ohun tá a fọwọ́ ara wa kà nìkan ló lè fi mọ̀ ọ́n, a ò sì ka nǹkan kan. Òun ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ grant, owó ìrànwọ́ tí wọn kì í gbà padà, pé kẹ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti mọ iye nǹkan ládùúgbò tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́, ìdajì proposal ti parí, torí inú iye yẹn náà ni ìṣòro, àfojúsùn, bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ìjábọ̀ ti máa ń jáde.

Kí ìwé yín pé ná

Mi ò ní pẹ́ níbí torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò dùn, àmọ́ ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já kí wọ́n tiẹ̀ tó ka proposal wọn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, òfin CAMA 2020 ló wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn méjì kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Tó bá jáde tán, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ SCUML, àwọn tó wà lábẹ́ EFCC tí wọ́n ń ṣọ́ àwọn tó ń fọ owó àìmọ́, òfẹ́ ni, báǹkì á sì béèrè ẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ákáǹtì fún yín. Kí ákáǹtì wà lórúkọ ẹgbẹ́ o, kì í ṣe lórúkọ alága, kó jẹ́ èèyàn méjì ló ń fọwọ́ sí i. Annual return, ìjábọ̀ ọdọọdún ẹgbẹ́, ńkọ́? Láàárín June 30 sí December 31 lọ́dọọdún lẹ máa ṣe é ní CAC, ẹ má gbàgbé, torí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta mẹ́rin, ọjọ́ tí oní-grant bá fẹ́ wo ìwé yín ni yóò di gbèsè.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì lágbára CAC, ẹ lọ bèèrè ìwé CBO, ìyẹn ẹgbẹ́ àdúgbò, ní local government yín, àwọn grant kéékèèké kan máa ń gbà á. Tàbí kẹ́ ẹ wà lábẹ́ NGO tó ti níwèé, kí owó gba ákáǹtì tiwọn wọlé, ẹ ṣáà kọ àdéhùn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kódà kó jẹ́ pé ọmọ ìyá yín ni. Tó bá sì jẹ́ owó ìjọba Amẹ́ríkà lẹ ń wá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gba UEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹgbẹ́ yín, ní SAM.gov, òun ló rọ́pò nọ́ńbà DUNS àtijọ́ látọdún 2022, òfẹ́ nìyẹn náà, àmọ́ ó lè jẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kóun tó bá yín gbà á, omi òjò ló ń tà fún yín.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kà á

Lẹ́yìn ìtìjú orí Zoom yẹn, a lọ wá ìwé pélébé kan: apá kan jẹ́ lẹ́tà, apá kan jẹ́ ọ̀rọ̀, apá kan jẹ́ ìpínrọ̀ kékeré, apá tó kù jẹ́ ìtàn. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀, àwọn Pratham ní Íńdíà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti 1995 ni wọ́n fi irú ẹ̀ lókìkí, ọ̀nà ìkọ́ni tí wọ́n ń bá a rìn ni wọ́n ń pè ní Teaching at the Right Level, àpẹẹrẹ ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. A ṣe tiwa ní Yorùbá, a tún ṣe é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ máa pe ọmọ kan sábẹ́ igi, níbi tí àwọn tó kù ò ti ní gbọ́ ohùn ẹ̀, ẹ ní kó ka ìpínrọ̀. Tó bá kà á dáadáa, ẹ fún un ní ìtàn. Tó bá ń kọsẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀, tí ìyẹn náà bá le, ẹ bọ́ sí lẹ́tà. Ibi tó bá dúró sí lẹ máa kọ sílẹ̀, ó parí. Ìṣẹ́jú mélòó kan lọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà, school kan ò ju òwúrọ̀ kan lọ tẹ́ ẹ bá jẹ́ èèyàn mẹ́ta.

Ẹ má kàn já wọ school o. Ẹ kọ lẹ́tà sí LGUBEA tó ń bójú tó school ìjọba ní local government yẹn, ẹ fún head teacher ní ẹ̀dà, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe òun lẹ wá fẹ̀sùn kàn. A ti pàdé head teacher kan tó rò pé ìjọba ló rán wa wá yọ òun níṣẹ́, ọmọ tó mọ̀wé jù nìkan ló ń kó wá bá wa, kó tó di pé a bẹ̀ ẹ́ ká jọ ṣẹ́ kèké yan ọmọ láti inú register. Kèké yẹn ṣe pàtàkì, torí tó bá jẹ́ olùkọ́ ló ń yan ọmọ fún yín, iye tẹ́ ẹ kà ò ní fi òótọ́ hàn.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ mìíràn lẹ fẹ́ ṣe, ọ̀nà ẹ̀ ò le náà. Omi lẹ fẹ́ fà? Ẹ lọ dúró létí kànga láago márùn-ún ìdájí títí di mẹ́sàn-án, ẹ ka iye èèyàn tó wá pọnmi, ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti rìn wá, ẹ wo bí wọ́n ṣe pẹ́ tó lórí ìlà. Àwọn ìyá tó ń yan gààrí lẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́? Iye àpò tí wọ́n ń yan lọ́sẹ̀, owó igi ìdáná, owó tó kù sí wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Aláboyún ni? Register wà ní health centre, ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ sì ka iye nìkan, ẹ ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni jáde. Òfin tó ń dáàbò bo data wà láti 2023, àwọn oní-grant náà ò sì fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa lẹ ojú ọmọlọ́mọ mọ́ proposal láìgbàṣẹ òbí. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò ọmọ tó ń sunkún yẹn sílẹ̀ o jàre.

Iye tí ìjọba kà ńkọ́? Ẹ lò ó, àmọ́ ẹ má gbára lé e. 2006 la ti ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lọ́mọ tiẹ̀ níbòmíì. Àwọn ìwádìí ilé dé ilé bíi MICS àti NDHS dára, wọ́n ń sọ ti State lápapọ̀, gbólóhùn kan tàbí méjì látinú wọn tó, kẹ́ ẹ wá kó iye tiyín tẹ̀ lé e.

Kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ìṣòro. Ìwé la rò pé àwọn ọmọ nílò, a ti ń ro Tuesday àti Thursday fún kíláàsì, ìyá kan ló là wá lójú pé ọjọ́ ọjà kì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀ àwọn òyìnbó, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, lọ́jọ́ yẹn sì rèé, ìdajì kíláàsì ti bá ìyá wọn gbẹ́rù lọ. A tún tímútébù to látìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ọjà ò ní kíláàsì. Gbólóhùn kan yẹn nínú proposal wa kejì ni ẹni tó kà á sọ pé ó jẹ́ kóun gbà pé a mọ ibi tá a wà.

Ta lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí?

Gbogbo ìlẹ̀kùn kọ́ ni tiyín. Àwọn grúùpù WhatsApp máa ń tú línkì ogún sílẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yin náà á máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ káàkiri bí ẹni ń fọ́n àgbàdo. Bí àpẹẹrẹ, lọ́dọọdún ni mo ń rí NGO tó ń sáré sí Tony Elumelu Foundation, dọ́là 5,000 yẹn wà fún ẹni tó ń ṣòwò tàbí tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀, kò kan NGO tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ìjọba Japan náà ní grant fún àwọn ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀, GGP ni wọ́n ń pè é, ohun tí ojú lè rí ni wọ́n fẹ́ràn, kíláàsì, omi, ohun èlò ilé ìwòsàn, wọn kì í fẹ́ san owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì owó oṣù lọ síbẹ̀ ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ti ilẹ̀ wa níbí, ACT Foundation wà, wọ́n ń wo ìlera, àyíká, òwò ṣíṣe àti aṣíwájú, ẹ wá wò ó bóyá iṣẹ́ yín wà níbẹ̀ lóòótọ́ tàbí ẹ kàn fẹ́ fipá tì í wọlé.

Kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ka ohun tí wọ́n ti fowó sí sẹ́yìn. Irú NGO wo ni, ó tó tiyín tàbí ó jù yín lọ? Èló ni wọ́n ń fúnni? NGO tí kò tíì ná tó mílíọ̀nù kan rí láyé ẹ̀, tó wá ń bèèrè ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, wọ́n máa bi í bó ṣe fẹ́ ná an. Tí fóònù tàbí íméèlì bá wà níbẹ̀, ẹ béèrè ìbéèrè kan tó nítumọ̀, ẹ ṣáà má béèrè ohun tó ti wà nínú ìwé ìlànà wọn.

Ẹ má sì fi gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n ẹnì kan. January 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tó fi máa di July 1 ọdún yẹn, USAID, àjọ wọn tó ń pín owó náà, ti dáwọ́ ìrànwọ́ dúró. NGO tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń jẹun, ṣe ni wọ́n ti ọ́fíìsì pa.

Kíkọ ọ́ gan-an

Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí mo ṣe wí yẹn ni o, kódà tó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa NGO, bàbá yín, tàbí ẹni tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta: kí ló ń ṣẹlẹ̀, sí ta ni, kí lẹ fẹ́ ṣe, kí ló máa yí padà, èló ni. Ibi tó bá ti dá yín dúró pé "kò yé mi o," ibẹ̀ ni proposal ti ní ihò. Gẹ̀ẹ́sì máa ń bo ihò mọ́lẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bíi empowerment àti capacity building, ẹ gbìyànjú ẹ sọ wọ́n fún ìyá arúgbó, ẹ máa rí i pé ẹ̀yin gan-an ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.

Ìṣòro ná. Ẹ jẹ́ n fi àpẹẹrẹ ṣe é, mo kàn ro àwọn iye yìí ni, wọn kì í ṣe ti school kankan. Ẹnì kan kọ ọ́ báyìí pé ìwé kíkà jẹ́ ìṣòro ńlá ní Nàìjíríà, àwọn ọmọ wa ń jìyà, ìjọba ò ṣe tó, bẹ́ ẹ bá ràn wá lọ́wọ́ Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹlòmíì kọ ọ́ báyìí: a dán ọmọ Primary 4 àti 5 wò ní school ìjọba mẹ́rin, ọmọ 160 ni wọ́n, 120 nínú wọn ò lè ka ìpínrọ̀ oní-gbólóhùn mẹ́rin, 45 nínú 120 yẹn ò tíì mọ lẹ́tà tán, school méjì nínú mẹ́rin ò ní ìwé ìtàn kankan fún àwọn ọmọ. Ẹni kejì yìí ò bẹ̀bẹ̀, kò bú ìjọba, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọni lára, kò sì sí gbólóhùn kankan níbẹ̀ tí èèyàn ò lè wá yẹ̀ wò fúnra ẹ̀.

Àfojúsùn á wá jáde látinú ẹ̀. Kì í ṣe "a fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ ga." Ẹ sọ pé kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó kéré tán ọmọ 80 nínú 120 yìí á lè ka ìpínrọ̀ náà fúnra wọn, ìwé kan náà tá a fi dán wọn wò níbẹ̀rẹ̀ la máa fi dán wọn wò lẹ́yìn. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń da nǹkan méjì pọ̀: ohun tẹ́ ẹ ṣe, àti ohun tó yí padà. Ẹ pín ìwé 120, ẹ kọ́ olùkọ́ mẹ́jọ, ohun tẹ́ ẹ ṣe nìyẹn, output ni wọ́n ń pè é. Ìwé pínpín kì í ṣe ìwé kíkà. Ọmọ 80 tó wá lè kàwé ni outcome, òun ni wọ́n ń sanwó fún. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ logframe, tábìlì lásán tó to méjèèjì yìí síra ni, pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n àti ibi tí ẹ̀rí wà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ bà yín lẹ́rù.

Kẹ́ ẹ má kọ 120 nínú 120 o. Mo mọ̀ pé ó ń wuni. Ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ọmọ kan á ṣàìsàn, òmíràn á bá òbí ẹ̀ kó lọ sí Ìlọrin, òmíràn nílò ọdún kan gbáko. Tẹ́ ẹ bá kọ gbogbo wọn, ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún oní-grant ni pé ẹ ò tíì ṣe é rí.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì

Èmi lójú tèmi, ibí ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan tó ń ka proposal, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, bọ́jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí, èmi náà sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí tí ẹnì kan bá fi tiẹ̀ hàn mí.

Ẹ jẹ́ ká bá àpẹẹrẹ wa lọ. School mẹ́rin, olùkọ́ méjì méjì, ó di mẹ́jọ, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 24. Owó ọkọ̀ ₦1,000 fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan: 8 lọ́nà 3 lọ́nà 24 jẹ́ 576, ó di ₦576,000. Ìwé fún ọmọ 120, ₦2,500 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦300,000. Oúnjẹ fún olùkọ́ mẹ́jọ lọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ₦2,500, ó jẹ́ ₦60,000. Ìdánwò ìwé kíkà lẹ́ẹ̀mẹta ní school mẹ́rin, ₦15,000 níbi kọ̀ọ̀kan, ₦180,000. Ẹni tó ń darí iṣẹ́, ₦80,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, ₦480,000. Gbogbo ẹ̀ ₦1,596,000. Ẹ wá fi 10% lé e fún iná, data, báǹkì àti àyẹ̀wò ìwé owó, ₦159,600, àpapọ̀ ẹ̀ ₦1,755,600. Ẹ pín in fún ọmọ 120, ọmọ kan jẹ́ ₦14,630. Iye tó kẹ́yìn yẹn, ẹ kọ ọ́ síta gbangba, torí òun ni ẹni tó ń ka ìwé yín máa rántí.

Ṣẹ́ ẹ rí i pé kò sí ìlà tó kàn ní "miscellaneous ₦200,000." Ìlà kọ̀ọ̀kan ní iye èèyàn, iye ìgbà, iye owó. Ẹ lọ bèèrè owó ìwé lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, ẹ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ fi pamọ́, wọ́n lè béèrè ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan gbà pé tẹ́ ẹ bá kọ owó oṣù sínú ẹ̀, wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ jẹ owó. Rárá o. Owó oṣù tó kéré jù lófin ti di ₦70,000 ní 2024, ti Ọ̀yọ́ State tún ga dé ₦80,000, ẹ wá kọ ₦20,000 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ta ló máa gbà yín gbọ́? Ohun tí wọ́n máa rò ni pé ẹ máa mú u níbòmíì nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ohun tí oní-grant yẹn bá ní àwọn ò san ni kẹ́ ẹ yọ, èyí tó kù kẹ́ ẹ kọ bó ṣe rí.

Ohun tẹ́ ẹ̀yin náà mú wá ńkọ́? Kíláàsì tí school yá yín, àwọn agùnbánirọ̀ tó fi ọjọ́ CDS wọn ràn yín lọ́wọ́, ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ń wá dán ọmọ wò láìgbowó, gbogbo ẹ̀ lówó. Ẹ fi iye sí i, ẹ to ó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oní-grant fẹ́ mọ̀ pé àdúgbò náà ti dáwọ́ lé iṣẹ́ kóun tó dé.

Kẹ́ ẹ sì rántí ohun tí ojú wa rí ní 2023. Ìparí May wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nígbà tó di June wọ́n tú dọ́là sílẹ̀, dọ́là tó wà ní bíi ₦470 ti kọjá ₦1,500 kí 2024 tó parí. Ẹni tó ti fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì náírà ṣáájú ìgbà yẹn, owó ọkọ̀ ẹ̀ tán kí iṣẹ́ tó dé ìdajì. Tí wọ́n bá gbà yín láàyè, ẹ fi 5% sílẹ̀ fún owó ọjà tó ń gòkè. Tí wọn ò bá gbà, ẹ kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ewu, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa gé kù tó bá ṣẹlẹ̀, bóyá ọjọ́ mẹ́ta á di méjì lọ́sẹ̀, kí ọmọ kankan má baà já.

Àwọn apá tí wọ́n máa ń fojú fò

Ewu: ẹ má kọ pé kò sí. Olùkọ́ lè lọ sí ìyanṣẹ́lódì, òjò lè ba ọ̀nà jẹ́ lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, ẹ kọ méjì mẹ́ta tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, ó tán.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí owó bá tán? Gbogbo wa la máa ń parọ́ níbí. "Ìjọba máa gbà á lọ́wọ́ wa." Ìjọba wo? Ta lẹ bá sọ̀rọ̀? Tí LGUBEA bá ti gbà lóòótọ́ pé olùkọ́ tiwọn méjì á máa bá kíláàsì náà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ gba lẹ́tà kẹ́ ẹ so ó mọ́ ọn. Tí wọn ò bá gbà, ẹ sọ òótọ́ tó kéré: ìwé máa wà ní school, olùkọ́ mẹ́jọ ti mọ ọ̀nà ìkọ́ni náà, ẹgbẹ́ PTA á máa dá owó títún ìwé ṣe. Òótọ́ kékeré yìí ṣe é gbà gbọ́.

Lẹ́tà ìtìlẹ́yìn sì yàtọ̀ sí lẹ́tà ìkíni. Lẹ́tà ọba tó ní "wọ́n jẹ́ ọmọ dáadáa" ń buyì kúnni, àmọ́ lẹ́tà head teacher tó sọ pé òun fún yín ní kíláàsì méjì láago méjì sí mẹ́rin, òun sì ti mú olùkọ́ méjì sílẹ̀, òun ló níṣẹ́ nínú. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi kọ ọ́, ẹ má sáré bá wọn lọ́jọ́ tí dẹ́dìláìnì kù ọ̀la.

Mo mọ̀ pé ChatGPT wà. Èmi náà ń lò ó láti fi tún Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bá yín kọ ọ́ láti òdo. Kò débi kànga yẹn rí, ohun tó máa kọ fún yín ló máa kọ fún ẹni tó wà ní Kampala, ó sì lè hùmọ̀ iye tí ẹnikẹ́ni ò kà rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ibi tẹ́ ẹ ti rí i, Zoom mi ìjelòó lẹ máa bá ara yín.

Kẹ́ ẹ tó tẹ submit

Ẹ wo aago tí wọ́n kọ. 5 p.m. ti New York jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà òtútù wọn ó di mọ́kànlá. 11:59 p.m. GMT ti di ọjọ́ kejì níbí. Mo ní kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ni, mi ò ní kẹ́ ẹ dúró dè é, torí lálẹ́ yẹn ni iná máa lọ, jẹnẹrétọ̀ á kọ̀, nẹ́tíwọ̀kì á dúró ní 98%, pọ́tálì náà á sì sọ pé PDF yín tóbi jù. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kọ ìdáhùn gbogbo sínú Word ná kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pọ́tálì, ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà tàbí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, 500 words àti 500 characters jìnnà síra wọn bí Ògbómọ̀ṣọ́ sí Èkó. Ẹ fún ẹnì kan tí kò bá yín kọ ọ́ kó kà á sókè, kó wò ó bóyá ọmọ 120 tó wà lójú ìwé kejì náà ló wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ fọkàn balẹ̀, kẹ́ ẹ kọ íméèlì kúkúrú, ẹ dúpẹ́, ẹ béèrè ohun tí kò dára níbẹ̀. Àwọn kan ò ní dáhùn. Àwọn tó bá dáhùn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé kan, proposal wo, ọjọ́ wo, kí ni wọ́n sọ. Tiwa ti di ìwé ńlá, òun la máa ń ṣí kọ́kọ́ tá a bá fẹ́ kọ tuntun.

Tí wọ́n bá sì ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ tówó wọlé gan-an ni ìjábọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ẹ mọ èyí tó kù. Ìyá tó ń ta nǹkan lọ́jà ò ní fún yín ní risíìtì, torí náà ẹ mú ìwé fáọ́ṣà dání, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rà, iye ẹ̀ àti ọjọ́, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ àtàǹpàkò, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sí i tó bá gbà. Risíìtì POS ńkọ́, ìyẹn tí ìwé ẹ̀ máa ń dán yẹn, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ á fi parẹ́, a ti kó odindi ẹnfilóòpù kan fún ọ̀gá tó wá yẹ ìwé wa wò rí, gbogbo ẹ̀ ti di bébà funfun lásán. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á náà ni kẹ́ ẹ ti ṣe fọ́tòkọ́pì ẹ̀, kẹ́ ẹ fi píìnì so méjèèjì pọ̀.